Ta Ni Yóò Yè? Àsọtẹ́lẹ̀ Lórí Aláìsàn Tí Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀ Dáṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè mí dáadáa mọ́ ni a gbé wá sójú agbo lónìí. Bí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dé ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀fà, tí ọ́síjìn tí wọ́n ń fún un kò sì ká àìsàn náà, ọ̀nà Ìlọrin ni wọn yóò máa wò, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Ọ̀fà, nítorí pé níbẹ̀ ni Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin wà. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ìbéèrè kan ni ẹbí aláìsàn kì í lè gbé mì: “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé yóò yè?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí dókítà bá fi dáhùn ni ìdílé mìíràn yóò gbé lé láti ta ilẹ̀, láti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí láti sọ pé kí wọ́n gbé ènìyàn àwọn padà sílé. Òun kan náà ni dókítà fúnra rẹ̀ yóò fi gbọ́n nígbà tí ibùsùn kan ṣoṣo bá ṣófo, tí aláìsàn mẹ́ta sì ń dúró dè é. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́, mọ bí àwọn oníṣègùn ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n gbé e kà, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ohun tí ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró

Inú ẹ̀dọ̀fóró wa kún fún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè kà. Awọ ara wọn fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ara awọ yìí ni ọ́síjìn tí a mí sínú ń gbà kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán ń gbà jáde. Nígbà tí òtútù àyà líle bá mú ènìyàn, tàbí tí kòkòrò àìsàn bá tàn ká inú ẹ̀jẹ̀, tí ibà ẹ̀fọn bá le kọjá àlà, tí èébì bá ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí ènìyàn bá fara pa gidigidi nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ara lè ru sókè débi pé awọ àwọn àpò wọ̀nyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi yóò gba ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ̀dọ̀fóró yóò wúwo bíi kànìnkànìn tí a rì sínú omi. Aláìsàn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní rí ọ́síjìn tó.

Ní ọdún 1967 ni David Ashbaugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Denver, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ kó àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn kan, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní The Lancet. Aláìsàn 12 ni wọ́n ròyìn. Àwọn 7 kú, àwọn 5 yè. ARDS ni àwọn dókítà jákèjádò ayé ń pe àìsàn náà lónìí. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀: kí ni ó ya àwọn 5 sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn 7?

Ẹ̀kọ́ tí ìlú Copenhagen kọ́ wa

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ibi tí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní ICU, ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Denmark. Àrùn náà kì í pa ẹsẹ̀ nìkan. A máa pa iṣan tí a fi ń mí pẹ̀lú. Nínú àwọn 31 tí àrùn náà kọ́kọ́ kọlu mímí wọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìgbà náà tọ́jú, 27 ni ó kú. Ẹni tí ó bá sọ ní ọjọ́ náà pé 9 nínú 10 ni yóò kú kò purọ́ rárá.

Nígbà náà ni dókítà kan, Bjørn Ibsen, dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n la ihò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kan tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ sínú àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n pè, nǹkan bí 1,500, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń fún àpò náà. Ikú tí ó ti ń pa 9 nínú 10 wá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ń kú kò tó ìdajì mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dúró lé. Àrùn náà kò yí padà láàárín oṣù méjì. Ìtọ́jú ni ó yí padà. Nígbà tí a bá sọ pé “irú àwọn báyìí kì í yè,” kì í ṣe ara aláìsàn nìkan ni a ń sọ nípa rẹ̀. A ń sọ nípa ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí wọ́n ṣe ń fún àìsàn ní máàkì

Nígbà tí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe di púpọ̀, àwọn dókítà rí i pé ojú inú nìkan kò tó fún wíwọn ewu. Ní ọdún 1981, William Knaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní APACHE, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1985. Ohun 12 ni ọ̀nà ti ọdún 1985 yìí ń wò: lára wọn ni gbígbóná ara, ìlù ọkàn, agbára ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, iye mímí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, àti bóyá aláìsàn náà mọ ara rẹ̀. Èyí tí ó burú jù nínú wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni wọn yóò mú. Wọn yóò fi ọjọ́ orí kún un, àti àìsàn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ kò lè ju 71 lọ. Máàkì yìí yàtọ̀ sí ti ilé-ẹ̀kọ́: bí ó bá ṣe ń ga sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Aláìsàn 5,815 ní ilé-ìwòsàn 13 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi dán an wò. Ní ọdún 1996, ọ̀nà mìíràn jáde tí wọ́n ń pè ní SOFA, èyí tí ń wo ẹ̀ya ara 6, tí ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4.

Fún ẹ̀dọ̀fóró ní pàtó, ìṣirò kan wà tí olùkọ́ lè kọ sójú pátákó. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí jẹ́ 21 nínú 100, èyíinì ni 0.21. Agbára ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bí 95, bí a bá fi mílímítà mẹ́kúrì wọ̀n ọ́n. Ẹ pín 95 sí ọ̀nà 0.21, yóò fún wa ní nǹkan bí 452. Ẹ wá wo aláìsàn kan tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ 60 nínú 100, tí ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ju 72 lọ. Ẹ pín 72 sí ọ̀nà 0.6, 120 ni yóò jáde. A ń fún un ní púpọ̀, díẹ̀ ni ó ń rí gbà.

Ní ọdún 2012, àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ẹnu kò lórí ìlànà kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Berlin pè. Bí ìṣirò náà bá wà láàrin 201 sí 300, àìsàn náà kò tíì le púpọ̀. Láàrin 101 sí 200, ó le. 100 sí ìsàlẹ̀, ó le kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìlànà náà kalẹ̀, àwọn tí ó kú jẹ́ 27 nínú 100 fún ti àkọ́kọ́, 32 fún ti èkejì, 45 fún ti ẹ̀kẹta. Ní ọdún 2016, ìwádìí mìíràn tí ó kárí wọ́ọ̀dù àkànṣe 459 ní orílẹ̀-èdè 50 rí ohun tí ó jọ ọ́: nǹkan bí 35, 40, àti 46. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nǹkan bí 4 nínú 10 àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àwọn dókítà kò dá àìsàn ara wọn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ARDS, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àwọn ilé-ìwòsàn tí ó ní ohun èlò ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kà, kì í ṣe ẹnì kan

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí 45 nínú 100 bá ń kú, kí ni ti bàbá mi tí ó wà lórí ibùsùn yìí? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ká ní ẹ ti ń ṣe ìdánwò ìgbáradì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 10 kí wọ́n tó jókòó fún WAEC, tí ẹ sì ti ṣàkíyèsí pé nínú àwọn tí kò rí 40 gbà nínú ti ìgbáradì, ó ṣòro kí ìdajì yege. Òtítọ́ ni àkíyèsí yín nípa gbogbo wọn lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá jókòó níwájú yín tí ó gba 35, ṣé ẹ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé yóò kùnà? Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ ni pé ewu ń bẹ níwájú rẹ̀ ju ti ẹni tí ó gba 65 lọ, àti pé ó ń fẹ́ àmójútó kíákíá. Bákan náà ni máàkì àwọn oníṣègùn rí. Ó lè sọ iye ẹni tí yóò kú nínú 100. Kò lè sọ orúkọ wọn.

Àpẹẹrẹ kan tún wà nílẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, àwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà pète láti fi máàkì SOFA pín ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí bí kò bá tó. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2021 lórí àwọn aláìsàn Kòrónà tí ẹ̀rọ ń bá mí fi hàn pé SOFA kò fi púpọ̀ sàn ju kí a ju owó sókè kí a máa wo ojú tí yóò fi balẹ̀. Ọjọ́ orí aláìsàn nìkan tilẹ̀ ṣe àfihàn ju máàkì náà lọ. Máàkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún oríṣiríṣi àìsàn kò bá ti àrùn tuntun yìí mu.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n gé sí ara ẹlòmíràn

Bí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn kò bá bá wa lára mu, a kì í dá ara wa lẹ́bi. Ìlànà Berlin ń béèrè pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ láti inú òpójẹ̀ kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, kí a ya fọ́tò àyà, kí aláìsàn sì wà lórí ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú àyà. Kí ni ti ilé-ìwòsàn tí kò ní àwọn nǹkan wọ̀nyí?

Àwọn oníṣègùn kan ṣe ìwádìí yìí ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìlú Kigali, ní Rwanda, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Nínú aláìsàn 1,046 tí wọ́n gbà sí ilé-ìwòsàn náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ìlànà Berlin kà sí ẹni tí ó ní ARDS. Ẹni tí ó bá ka ìwé nìkan yóò sọ pé àìsàn náà kò sí ní Kigali. Àwọn oníṣègùn náà wá tún ìlànà ṣe. Dípò ẹ̀jẹ̀ òpójẹ̀, wọ́n lo ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, èyí tí ń ka ọ́síjìn láti ara awọ. Níbi tí fọ́tò àyà kò bá sí, wọ́n lo ẹ̀rọ tí a mọ̀ mọ́ wíwo oyún. Lójú kan náà, ẹni 42 hàn sóde. Ọjọ́ orí tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 37. Kò tó ìdá mẹ́ta wọn tí ó rí ibùsùn gbà ní wọ́ọ̀dù àkànṣe. Ìdajì wọn ni ó kú. Òṣùwọ̀n tí ó jìnnà sí wa kò kàn ṣi ewu kà. Kò tilẹ̀ rí àwọn ènìyàn náà rárá.

Nínú ìlànà Kigali, a ó pín iye tí ẹ̀rọ ìka bá kà pẹ̀lú ìwọ̀n ọ́síjìn tí a ń fúnni. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 315 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ewu dé. Ká ní aláìsàn kan ní Ọ̀fà ń gba ọ́síjìn lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan láti imú. A lè fojú bù ú pé lítà kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí 4 kún 21, èyíinì ni pé ó ń mí ọ́síjìn bíi 37 nínú 100. Bí ẹ̀rọ ìka bá ka 88, ẹ pín 88 sí ọ̀nà 0.37, nǹkan bí 238 ni. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan tí a lò, síbẹ̀ a ti mọ̀ pé kò yẹ kí ọkọ̀ Ìlọrin pẹ́ mọ́. Ní ọdún 2023, àwọn ọ̀mọ̀ràn àgbáyé fi ọ̀nà yìí kún ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde. Ohun tí àìní mú kí wọ́n lò ní Áfíríkà ti wọ inú ìlànà àgbáyé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó ti ilẹ̀ wa jáde. UVA ni wọ́n ń pè é, ó jáde ní ọdún 2017, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà 5,573 tí a gbà sí ilé-ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: gbígbóná ara, ìlù ọkàn, iye mímí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn láti ìka, bóyá ọkàn aláìsàn wà níbẹ̀, àti bóyá ó ní kòkòrò HIV. Kò sí iṣẹ́ kíndìnrín nínú rẹ̀, kò sí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìka náà. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó ṣàwárí ọgbọ́n rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ara awọ kọjá ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà kà sí 92 títí dé 96, tí ó túmọ̀ sí pé ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òpójẹ̀ wò, nǹkan bí 12 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn wọn kò tó 88. Láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, kò tó 4. Èyí kò ní kí a ju ẹ̀rọ náà nù. Ní ilé-ìwòsàn 12 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, láàrin ọdún 2015 sí 2017, nígbà tí àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Melbourne fi í lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ tí wọ́n sì kọ́ wọn ní ìlò rẹ̀, ikú àwọn ọmọdé tí òtútù àyà mú dínkù. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹ̀rọ bá ka 93 lára aláwọ̀ dúdú tí ń mí nígbà 34 ní ìṣẹ́jú kan, kí a gba mímí náà gbọ́.

Àsọtẹ́lẹ̀ ni, àbí èpè?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ rí ọmọ tí ó gba 35, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé eléyìí kò ní yege. Láti ọjọ́ náà, kò pè é sójú pátákó mọ́, kò yẹ ìwé rẹ̀ wò mọ́. Nígbà tí èsì WAEC jáde, ọmọ náà kùnà. Olùkọ́ ní, “Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ni ó sọ, àbí èpè ni ó ṣẹ́?

Nínú wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sọ pé aláìsàn kan kò ní yè, tí a sì yọ ọwọ́ ìtọ́jú kúrò, yóò kú. Wọn yóò kọ ikú rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé irú rẹ̀ kì í yè. Inú ìwé náà ni wọn yóò ti ṣe máàkì tí wọn yóò lò fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Láàrin oṣù Karùn-ún sí oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn ilé-ìwòsàn 64 ní orílẹ̀-èdè 10 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, kó àkọsílẹ̀ àwọn tí àrùn Kòrónà kọlù gidigidi jọ. Nínú ẹni 6,779 tí wọ́n ní kí a gbà sí ìtọ́jú àkànṣe, 3,752 ni ó rí àyè. Nínú 3,077 tí wọ́n mọ òpin wọn, 1,483 kú láàárín 30 ọjọ́, èyíinì ni 48 nínú 100. Ní ayé lápapọ̀, nǹkan bí 31 sí 32 ni. Ṣé ara wa ni kò lágbára? Rárá o. Iye tí ó fi wá sílẹ̀ yẹn ń sọ nípa ọ́síjìn tí ó tán, ibùsùn tí kò tó, ẹ̀rọ tí kò sí, àti àwọn nọ́ọ̀sì tí kò pọ̀ tó. Bí ti Copenhagen ṣe rí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé náà ni.

Nǹkan tí ń yí iye padà kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun olówó iyebíye. Ní ọdún 2000, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 861 fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá ń ti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú àyà, mìlílítà 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara tí ó bá gíga ẹni mu, 31 nínú 100 ni yóò kú. Bí ó bá ń ti mìlílítà 12, nǹkan bí 40 ni. Ẹ̀rọ kan náà ni. Yíyí bọ́tìnnì rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 2013, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Faransé, lórí aláìsàn 466 tí àìsàn náà le fún, fi hàn pé bí a bá dà wọ́n dojúbolẹ̀ fún wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, àwọn tí ó kú láàárín 28 ọjọ́ yóò dínkù láti 33 sí 16 nínú 100. Ọwọ́ ènìyàn tí yóò gbé aláìsàn yí padà ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

A máa ń pa á lówe pé àìsàn ni ó ṣeé wò, ọlọ́jọ́ kò ṣeé wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa, ní wákàtí àkọ́kọ́, pé ọlọ́jọ́ ni eléyìí?

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó

Àwọn baba wa sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń difá ọrọọrún. Ẹni tí ó fi ìgbàgbọ́ mìíràn gbọ́ òwe yìí yóò ṣì rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwo ọjọ́ iwájú kò gbà pé ìwò ẹ̀ẹ̀kan tó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró. Ìṣirò tí a ṣe ní kété tí aláìsàn dé kì í fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn tí yóò yè sọ́tọ̀. Àwọn tí ó dé pẹ̀lú 90 lè wà ní 190 lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti tò wọ́n sórí ẹ̀rọ dáadáa. Èyí tí a tún ṣe lẹ́yìn wákàtí 24, nígbà tí a ti fún gbogbo wọn ní ìtọ́jú kan náà, ni ó ń fi ojú ọ̀nà hàn jù. Ní Ọ̀fà tí ìjàkadì ti jẹ́ àṣà ìlú, ẹni tí ó mọ eré náà kì í fi ìwọ̀n ara sọ ẹni tí yóò dá ẹnìkejì. A máa dúró kí wọ́n di ara wọn mú ná, kí ó rí bí ẹsẹ̀ oníkálukú ti ń tẹlẹ̀.

Yíyè nìkan kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀

Ó tún yẹ kí a béèrè ohun tí à ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ní Toronto, ní Kánádà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ẹni 109 tí ó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí fún ọdún 5, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn ní ìṣẹ́jú 6 kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ìbànújẹ́ ọkàn àti àìlera iṣan bá ọ̀pọ̀ wọn gbé. Síbẹ̀, 77 nínú 100 ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdílé àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tí ó ń retí ènìyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá ti ilé-ìwòsàn dé.

Kí ni kí a béèrè, kí ni kí a dáhùn?

Bí ẹ bá wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kan, ìbéèrè mẹ́rin sàn ju “Ṣé yóò yè?” lọ. Èkíní: nínú irú àwọn báyìí tí ẹ ti tọ́jú níhìn-ín, kì í ṣe ní òkè-òkun, mélòó ni ó yè? Èkejì: báwo ni òní ti rí sí àná? Ẹ̀kẹta: kí ni ó kù tí a lè ṣe tí a kò tíì ṣe? Ẹ̀kẹrin: bí ó bá yè, irú ìgbé-ayé wo ni kí a máa retí?

Dókítà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó sọ iye àwọn tí ó ń yè pẹ̀lú iye àwọn tí ó ń kú. Kí ó sọ ọjọ́ tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, tí gbogbo ohun tí ó ṣeé ṣe ti di ṣíṣe, tí ara kò sì dáhùn, kí ó fi ìfẹ́ sọ òtítọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìdílé ta ilẹ̀ ìkẹyìn nítorí ìrètí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ́. Ní àkókò náà, mímú ìrora kúrò lára aláìsàn àti jíjẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú gidi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó wà ní Ọ̀fà, ọ̀pọ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ fojú kan aláìsàn, ní abúlé tí kò sí dókítà. Kíka mímí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, fífi ẹ̀rọ há ìka, kíkọ ohun tí ẹ rí àti wákàtí tí ẹ rí i sílẹ̀: níbẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ tí ó dára ti ń bẹ̀rẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yín, òṣùwọ̀n àjèjì ni a ó máa fi wọn àwọn ènìyàn wa títí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò 72 àti 0.6 kọ́ àwọn ọmọ. Kí wọ́n mọ̀ pé 45 nínú 100 kì í ṣe ìdájọ́ ikú lórí ẹnì kan. Iye tí a fi ń mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ yára sí ni.

Kí Ọlọ́run má fi àìsàn líle dán wa wò.